Fóònù tuntun: ṣé ká san íńṣọ́ránsì lé e, ọwọ́ ta ni ká sì san án sí?

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Mò ń ránṣọ ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Orí WhatsApp ni iṣẹ́ mi wà: ibẹ̀ ni àwọn oníbàárà ti ń fi sítáì tí wọ́n fẹ́ ránṣẹ́, ibẹ̀ náà ni mo kọ ìwọ̀n oníkálukú sí. Fóònù ọwọ́ mi ti ń kú fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́ ra tuntun ní ọjà fóònù tó wà ní Queen Cinema, ₦350,000. Ọmọ tó ń tajà níbẹ̀ ní kí n fi ₦28,000 lé e fún íńṣọ́ránsì ọdún kan. Ó ní bó fọ́ o, bó bọ́ sómi o, bí wọ́n jí i o, wọ́n á fún mi ní òmíràn. Ó tún ní bí mo bá kúrò níwájú òun láìsan án, àǹfààní náà ti lọ nìyẹn.

Ṣé kí n san án? Bí mo bá sì máa san, ṣé ọwọ́ ẹni tó ta fóònù ló dáa jù, àbí báǹkì, àbí ilé iṣẹ́ íńṣọ́ránsì gan-an? Àbúrò mi tó wà l'Ékòó náà fẹ́ mọ̀, torí bọ́ọ̀sì BRT ló ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń bẹ̀rù jàgùdà.

Ará_Ọ̀ṣun

Àǹtí, ẹ má san nǹkan kan lórí ìkánjú. Ẹ ní kó fún yín ní ìwé àdéhùn náà kẹ́ ẹ gbé e délé kà. Bí kò bá ní ìwé tó lè fún yín, ẹ ti rí ìdáhùn.

Akọ̀wé_Adójútòfò

Ẹ kú iṣẹ́ ọwọ́ o, ìyá aránṣọ. Mo ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ adójútòfò, ìyẹn íńṣọ́ránsì, n kò sì tà á fún ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ lè gbọ́ tèmi láìfura.

Ohun tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ bi ọmọ ṣọ́ọ̀bù yẹn ni pé ta ni yóò sanwó lọ́jọ́ tí fóònù bá bàjẹ́. Ṣọ́ọ̀bù tó ń ta fóònù kì í ṣe ilé iṣẹ́ adójútòfò. Bó bá jẹ́ pé aṣojú ni wọ́n, orúkọ ilé iṣẹ́ tó wà lẹ́yìn wọn gbọ́dọ̀ hàn lórí ìwé, pẹ̀lú nọ́ńbà àdéhùn yín. Kẹ́ ẹ wá wo orúkọ yẹn lórí ìkànnì NAICOM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń fún àwọn ilé iṣẹ́ adójútòfò níwèé àṣẹ. Bí kò bá sí orúkọ kankan, á jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ ló ń gba owó yín, tó sì ń gbàdúrà kí fóònù má fọ́. Ìlérí ẹnu lásán nìyẹn. Tí wọ́n bá kó kúrò ní Queen Cinema lọ́dún tó ń bọ̀, ta lẹ fẹ́ bá?

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ olè. Ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn tó kọjá lọ́wọ́ mi, olè tó fi agbára gbà á ni wọ́n ń sọ níbẹ̀: èyí tó já ilẹ̀kùn, tó fọ́ gíláàsì mọ́tò, tàbí tó yọ ohun ìjà síni. Èyí tí jàgùdà rọra fà yọ lápò yín l'Óṣòdì, tó jẹ́ pé ìgbà tẹ́ ẹ délé lẹ tó mọ̀, wọ́n á ní ẹ sọ ọ́ nù ni. Èyí tó sọ nù, wọn kì í sanwó rẹ̀ àfi tí ìwé bá dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, ohun tí àbúrò yín ń bẹ̀rù nínú BRT gan-an lè jẹ́ ohun tí ìwé náà yọ sílẹ̀. Kó wá ojú ewé tí wọ́n kọ àwọn ohun tí wọn kò ní san sí, kó kà á kó tó ka ibi tí wọ́n ti ń ṣèlérí.

Ẹ tún bèèrè èló lẹ̀yin fúnra yín máa fi sílẹ̀ kí wọ́n tó san tiwọn. Excess ni wọ́n máa ń kọ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún iye fóònù ni, ti ₦350,000 yín á jẹ́ ₦52,500. Tí ojú fóònù bá fọ́, tí àtúnṣe rẹ̀ sì jẹ́ ₦60,000, ₦7,500 péré ló kù tí wọ́n máa san, bẹ́ẹ̀ ẹ ti san ₦28,000 ṣáájú. Ṣùgbọ́n tí adigunjalè bá gba gbogbo fóònù lọ, ₦297,500 ni wọ́n máa kó fún yín. Àdánù ńlá tí apá èèyàn ò ká ni adójútòfò wà fún. Ẹni tó bá rà á nítorí wàhálà kéékèèké, inú rẹ̀ kì í dùn sí i.

Ọ̀rọ̀ iye fóònù náà tún wà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba fi náírà sílẹ̀ fún ọjà láti pinnu iye rẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó fóònù fò sókè. Ẹni tó ti rà á ṣáájú ìgbà yẹn, tó sì jẹ́ pé iye tó rà á ló wà nínú ìwé, kódà bí wọ́n san gbogbo rẹ̀ láìyọ kọ́bọ̀, kò lè fi ra irú rẹ̀ mọ́. Ẹ bi wọ́n bóyá irú fóònù náà ni wọ́n máa fi rọ́pò, tàbí iye tí àlòkù rẹ̀ ń lọ lọ́jà lọ́jọ́ yẹn.

Èyí tó gbẹ̀yìn: kò sí àwìn nínú adójútòfò nílẹ̀ wa. Bí owó ò bá tíì wọlé, ààbò ò tíì bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni NAICOM ti ń fi ọwọ́ líle mú un. Ẹ gba rìsíìtì lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá sanwó, kẹ́ ẹ sì wo ọjọ́ tí ìwé sọ pé ààbò máa bẹ̀rẹ̀. Àwọn mìíràn ń jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí oṣù kan kọjá ná.

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Bàbá, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Màá padà lọ bá a lọ́la, màá sì béèrè gbogbo rẹ̀.

Alátùn-únṣe_Òtígbà

Òtígbà ni mo jókòó sí, n'Íkẹjà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń wá sórí tábìlì mi. Ojú fóònù tó fọ́ ló pọ̀ jù, lẹ́yìn náà bátìrì, lẹ́yìn náà ihò tí wọ́n ń ki ṣájà bọ̀. Bátìrì àti ihò ṣájà, ìlò ló mú wọn gbó, íńṣọ́ránsì kì í sábà dé ibẹ̀. Ojú fóònù ló kù tẹ́ ẹ máa rò.

Kí Àǹtí tó san ₦28,000, ẹ mú orúkọ fóònù tẹ́ ẹ fẹ́ rà lọ bá ẹni tó ń tún fóònù ṣe nítòsí yín, kẹ́ ẹ bi í èló ni ojú rẹ̀. Fóònù méjì lè jẹ́ iye kan náà kí ojú ọ̀kan wọ́n ju ti èkejì lọ jìnnà. Èyí tí wọ́n fi LCD ṣe kì í gani lára. Oríṣi ojú kejì tó ń jẹ́ AMOLED wọ́n. Èyí tí etí rẹ̀ tẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì ti rí ẹni tó gbọ́ iye rẹ̀ tó fi fóònù sílẹ̀ fún mi tó bá tirẹ̀ lọ. Èyí tó ń ṣẹ́ po, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lò ó láìní íńṣọ́ránsì.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi wáráńtì ṣì yín lọ́nà. Àléébù tó ti ilé iṣẹ́ wá ni wáráńtì wà fún. Ti Tecno, Infinix àti itel, Carlcare, ilé iṣẹ́ tó ń tún wọn ṣe, la máa ń gbé wọn lọ, kẹ́ ẹ ṣáà ti tọ́jú rìsíìtì. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín tó fọ́, tàbí tó mu omi, wáráńtì ò sí níbẹ̀ rárá, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n kọ IP68, àmì pé omi ò lè tètè wọ̀ ọ́, sí lára páálí rẹ̀. Àmì funfun bíńtín kan wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù tó máa ń di pupa bí omi bá kàn án. Ti iPhone wà nínú ihò tí síìmù ń wọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń tan tọ́ọ̀ṣì sí kí wọ́n tó dá yín lóhùn.

Ọ̀kan tó ń dùn mí: àwọn èèyàn á san íńṣọ́ránsì tán, fóònù á fọ́, wọ́n á sáré gbé e wá bá mi kí n tún un ṣe kí iṣẹ́ má dúró, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá lọ bèèrè owó. Tí mo bá ti ṣí i, ilé iṣẹ́ lè sọ pé àwọn ò san mọ́. Ẹ pè wọ́n kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni.

Ọmọ_Èkìtì

Ẹ̀gbọ́n, ti tòkunbọ̀ ńkọ́?

Alátùn-únṣe_Òtígbà

Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ò ní gbà á. Àwọn tó bá gbà á, wọ́n á ní kẹ́ ẹ gbé e wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á sì fẹ́ rí rìsíìtì tí IMEI, nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù náà, wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá ra tòkunbọ̀, kó fi owó íńṣọ́ránsì ra páọ̀sì tó nípọn àti gíláàsì ojú, kó sì máa tọ́jú ìyókù.

Ìyá_Ìbejì_Àkúrẹ́

Ohun tí Bàbá sọ lórí olè yẹn, ó ṣẹlẹ̀ sí mi. Mo san íńṣọ́ránsì fún fóònù mi, n kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ náà. Ọjọ́ ọjà ni, èrò pọ̀, ẹnì kan ki ọwọ́ bọ báàgì mi, ó mú un lọ. Mo lọ sí tẹ́ṣàn, mo gba ìwé ọlọ́pàá, mo lọ búra ní kóòtù, mo kó gbogbo rẹ̀ lọ fún wọn. Wọ́n ní báàgì ò ya, kò sẹ́ni tó lù mí, nítorí náà kì í ṣe olè tí àdéhùn ń sọ. Ó dùn mí gan-an, torí ẹni tó ta á fún mi kò fẹnu kan gbólóhùn yẹn rí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń tà á fún yín fi ìka tọ́ka síbi tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ olè sí, kó kà á sókè níṣojú yín.

Akọ̀wé_Adójútòfò

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ìyá Ìbejì. Ẹ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ náà lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí tí wọn kò fi san sílẹ̀ sínú lẹ́tà. Tí ìdáhùn wọn ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, NAICOM ń gba ẹjọ́ àwọn tó ra adójútòfò. Ní ti ẹni tó tà á láìsọ òtítọ́ tó yẹ kó sọ, àjọ FCCPC tó ń gbèjà àwọn oníbàárà, tí òfin ọdún 2018 dá sílẹ̀, wà fún irú ẹ̀. Ẹ má kàn fọwọ́ lẹ́rán.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú

Tèmi ni pé ẹ má san án rárá. Ẹ ju ₦28,000 yẹn sínú àjọ lọ́dọọdún. Bí fóònù bá fọ́, ẹ fi tún un ṣe. Bí kò bá fọ́, owó yín ni. Lọ́dọ̀ íńṣọ́ránsì, bí ọdún bá ti yí po tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, owó ti lọ nìyẹn.

Akọ̀wé_Adójútòfò

Ọ̀rọ̀ yín dáa fún ẹni tó ní fóònù ₦90,000, tàbí ẹni tó lè mú ₦350,000 mìíràn jáde lóṣù yìí láìyá owó. Èmi náà á gbà wọ́n nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí lẹ máa ṣe bí wọ́n bá gba fóònù náà ní oṣù kejì, nígbà tí àjọ ò tíì tó nǹkan? Ìyá aránṣọ ní orí fóònù ni iṣẹ́ òun wà. Ẹ jẹ́ ká bi í: Ìyá, bí fóònù tuntun yẹn bá lọ lọ́la, ọjọ́ mélòó kẹ́ ẹ tó lè ra òmíràn?

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Bàbá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́. Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń kó owó yìí jọ.

Akọ̀wé_Adójútòfò

Á jẹ́ pé ó yẹ kẹ́ ẹ ní in, ibi tẹ́ ẹ ti máa rà á ló kù ká wò. Tẹ́ ẹ bá bá ilé iṣẹ́ adójútòfò fúnra rẹ̀, tó ní ọ́fíìsì n'Ìbàdàn, ẹ lè rí ẹni tẹ́ ẹ máa lọ bá lọ́jọ́ ìṣòro. Ti báǹkì, aṣojú ni àwọn náà, ẹ bèèrè orúkọ tó wà lẹ́yìn wọn. Èyí tí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì ń yọ owó rẹ̀ lóṣooṣù rọrùn láti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ bí owó ò bá sí lórí ìlà lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ yọ ọ́, ààbò lè já láìjẹ́ pé ẹ mọ̀.

Ọ̀nà kan tún wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì mẹ́nu bà. Ẹ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ ní máṣínìnì ìránṣọ, bóyá ẹ ní jẹnẹrétọ̀ pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ní àdéhùn fún àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, tó kó iná, olè àti àwọn irinṣẹ́ pọ̀. Ẹ bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè kọ fóònù mọ́ irinṣẹ́ yín, kí ààbò rẹ̀ sì bá a dé ìta ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá gbà, máṣínìnì yín náà ti wọ abẹ́ ààbò, ìyẹn sì ló ń bọ́ yín.

Olùkọ́_Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un. Kò sí íńṣọ́ránsì fóònù tó máa dá owó tí olè kó ní báǹkì yín padà. Síìmù ni olè ń wá: á yọ ọ́, á kì í bọ fóònù mìíràn, á fi gba kóòdù tí báǹkì ń fi ránṣẹ́. Ẹ lọ sí ètò fóònù yín lónìí, kẹ́ ẹ fi PIN sí síìmù gan-an, yàtọ̀ sí ti ojú fóònù. Ẹ tẹ *#06#, nọ́ńbà 15 tó bá jáde ni IMEI, ẹ kọ ọ́ sórí ìwé nílé. Kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà tí báǹkì yín ń gbà láti ti àkáǹtì pa sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ọjọ́ tí wọ́n bá jí fóònù, inú fóònù ni nọ́ńbà yẹn máa wà. Ẹni tó ń lo iPhone, kó tan Stolen Device Protection, ètò tí kì í jẹ́ kí olè rọrùn yí àwọn ohun pàtàkì inú fóònù padà. Apple gbé e jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024.

Kí Àǹtí sì jẹ́ kí WhatsApp máa tọ́jú ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yín sórí Google Drive, kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà sínú ìwé pẹ̀lú. Fóònù tuntun ò ní bá yín wọn wọ́n padà.

Ọmọ_Alfa_Ìwó

Ẹ má bínú, mo ní ìbéèrè. Àwọn àáfà wa kan sọ pé íńṣọ́ránsì ò bá ẹ̀sìn mu, nítorí èlé àti àìdánilójú tó wà nínú rẹ̀. Kí ni Mùsùlùmí lè ṣe?

Akọ̀wé_Adójútòfò

Takaful lẹ máa bèèrè. Àwọn tó wọ inú rẹ̀ ń kó owó jọ láti fi ran ara wọn lọ́wọ́, wọn kì í fi owó náà ṣe òwò èlé, bí ó bá sì ṣẹ́ kù lópin ọdún, wọ́n lè pín nínú rẹ̀ bí àdéhùn bá ṣe sọ. NAICOM ṣe ìlànà rẹ̀ jáde lọ́dún 2013, ó sì ti fún àwọn ilé iṣẹ́ bíi Noor Takaful àti Jaiz Takaful níwèé àṣẹ. Ẹ pè wọ́n, kẹ́ ẹ béèrè bóyá wọ́n ń gba fóònù.

Ọmọ_Yorùbá_Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Fún àwa tá a wà ní Lọ́ńdọ̀nù: kẹ́ ẹ tó san tuntun, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ ti ní. Àkáǹtì báǹkì mìíràn tẹ́ ẹ ń sanwó fún lóṣooṣù ti ní íńṣọ́ránsì fóònù nínú, àìmọye èèyàn sì ń san ẹlẹ́ẹ̀kejì láìmọ̀. Íńṣọ́ránsì ẹrù ilé náà lè gba fóònù níta tẹ́ ẹ bá fi kún un, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá gba owó nínú rẹ̀, owó ọdún tó ń bọ̀ lè lé sí i. Tẹ́ ẹ bá rà á tẹ́ ẹ sì yí ọkàn padà, ẹ ní ọjọ́ 14 láti dá a padà. Olè tó ń gun kẹ̀kẹ́ já fóònù gbà lọ́wọ́ èèyàn ló pọ̀ níbí, nítorí náà ẹ rí i pé olè wà nínú rẹ̀, kì í ṣe fífọ́ nìkan. Lọ́jọ́ tó bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe nẹ́tíwọ̀kì yín kí wọ́n dí fóònù pa lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ gba nọ́ńbà ẹjọ́ lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Bí ilé iṣẹ́ bá kọ̀ láti san, tí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ kọjá lẹ́yìn ẹ̀sùn yín láìsí ìdáhùn tó gún, Financial Ombudsman Service, àjọ tó ń parí ìjà láàárín oníbàárà àti ilé iṣẹ́ owó níbí, máa gbọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́.

Aránṣọ_Mọ́kọ́lá

Mo ti padà sí ṣọ́ọ̀bù náà. Ọmọ yẹn fi ìwé hàn mí nígbà tí mo tẹnu mọ́ ọn. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà níbẹ̀, mo sì rí i lórí ìkànnì NAICOM. Ṣùgbọ́n ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún iye fóònù ni excess, ìyẹn ₦70,000, olè tó fi agbára gbà á nìkan ni wọ́n sì kọ. Ojú fóònù náà, LCD ni, alátùn-únṣe tó wà ládùúgbò wa ní òun á pààrọ̀ rẹ̀ ní ₦45,000. N kò san ti ṣọ́ọ̀bù. Mo ti bá ilé iṣẹ́ kan sọ̀rọ̀ ní Dùgbẹ̀ lórí àdéhùn oníṣẹ́ ọwọ́ tí Bàbá sọ. Wọ́n ní àwọn máa wá wo ṣọ́ọ̀bù mi lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n kó rìsíìtì máṣínìnì sílẹ̀. Àbúrò mi ní òun á lo fóònù kékeré nínú BRT, òun á fi ńlá sílẹ̀ níbi iṣẹ́.

Akọ̀wé_Adójútòfò

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá dé, ẹ má fi iye tẹ́ ẹ ra máṣínìnì nígbà yẹn síwèé, iye tí wọ́n ń tà á lónìí ni kẹ́ ẹ kọ. Nínú irú àdéhùn yẹn, bí ohun tó tó mílíọ̀nù kan bá jẹ́ pé ₦500,000 lẹ kọ, tí ìdajì rẹ̀ bá jóná, ìdajì ìdajì náà, ìyẹn ₦250,000, ni wọ́n máa san.

Ọmọ_Yorùbá_Peckham

Bàbá, ẹ tún dá mi lóhùn kan. Mo fẹ́ ra fóònù níbí fún ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣé íńṣọ́ránsì tí mo bá rà níbí lè tẹ̀ lé e lọ?

Akọ̀wé_Adójútòfò

Ẹ ka ti yín kó dá yín lójú, àmọ́ ẹni tó ń gbé ní Bìrìtìkó ni wọ́n sábà máa ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún, ìrìn àjò ọjọ́ mélòó kan nìkan ló sì máa ń gbà lẹ́yìn odi. Fóònù tó bá ti di ti Màmá ní Ìjẹ̀bú, wọn ò ní san. Ẹ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n rà á fún un nílé, lórúkọ rẹ̀, pẹ̀lú rìsíìtì. Á ní wáráńtì tó lè lò nítòsí, bó bá sì wù yín láti san adójútòfò lé e, ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ wa ni kẹ́ ẹ bá sọ ọ́.